Ewé Gba Iṣẹ́ Èso

Ọjọ́ kẹta tí Abọ́dúnrìn ri nǹkan náà mọ́lẹ̀ ni ewé ojú ológbò pa ojú dé ní ọ̀sán gangan.

Ó ń ti oko bọ̀, àdá wà léjìká rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ọgbà Àṣìkẹ́ kọjá bí ẹni tí kò ní ohunkóhun lọ́kàn. Oòrùn wà láàárín orí. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo koríko Joga-Orílé, eruku pupa bo òrùlé páànù, ètè olúkúlùkù ń sán. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ewé ojú ológbò sùn. Kì í ṣe patanmọ́ tí ọwọ́ ọmọdé kan ń mú ká. Àṣálẹ́ ló máa ń sùn, tàbí nígbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀. Ìgbà náà ni àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó tò bí eyín òòyà yẹn á so orí kọ́, tí wọn á lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò sí kùrukùru kan lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ gbogbo ìtàkùn tó bo ọgbà láti orí ìyeyè kan dé èkejì ti pa ojú dé pátá. Èso rẹ̀ nìkan ló wà lójúfò. Èèpo àwọn kan ti là, hóró pupa olójú dúdú inú wọn sì ń wo Abọ́dúnrìn.

Ó dúró. Ohun tó ń retí nìyí, ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, òtútù kan ti ìbàdí rẹ̀ gun ẹ̀yìn lọ sí ọrùn. Kò sí ẹyẹ tó ń ké nínú ọgbà náà. Ewúrẹ́ kan tó sábà máa ń jẹ kiri lẹ́bàá ọgbà dúró lókèèrè, ó na ọrùn, kò súnmọ́ ibẹ̀.

"Ó ti mú," Abọ́dúnrìn wí sínú, ó sì yára ẹsẹ̀.

Bàbá Ọ̀ṣunníyì, bàbá tó bí Àṣìkẹ́, ló dá ọgbà náà sílẹ̀. Láti Idogo dé ẹnu bodè ni wọ́n ti ń wá gba àgbo ikọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé ojú ológbò dùn lẹ́nu bí ìrèké. Ọmọ tó ń sá fún àgbo á tún na ife rẹ̀ pé kí wọ́n bu sí i. Ṣùgbọ́n ìtàkùn tó bí adùn yìí náà ló bí ikú. Hóró rẹ̀, bí ó bá bọ́ sẹ́nu tí eyín fọ́ ọ, kò sí eré níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣàkóso rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbìn ín sítòsí ilé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Abọ́dúnrìn fi ṣe àkóso yìí lábẹ́ Bàbá. Òun ló ń gé ọwọ́ ìtàkùn tó bá fẹ́ wé igi ọsàn pa. Òun ló ń gé ìyeyè gbìn kí ìtàkùn lè rí ohun gùn, nítorí igi ìyeyè kì í kú sínú ilẹ̀. Òun ló ń ká èso kí ó tó là, kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ má baà ṣa hóró rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Á gbẹ́ kòtò jíjìn, á dà á sí i, á bò ó. Ewé nìkan ni wọ́n ń já, láàárọ̀ kùtù, ìdajì lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìdajì sílẹ̀ kí igi lè mí. Ní ti ìyá gbòǹgbò, tó ki bí apá ọmọ ọdún márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irin kàn án.

Nígbà tí Bàbá kú, ẹbí pe ìpàdé. Àṣìkẹ́, tó ń ránṣọ ní Ìlarò, tí kì í wálé ju ìgbà ọdún lọ, ni wọ́n fa ọgbà lé lọ́wọ́. Wọ́n fún Abọ́dúnrìn ní fìlà Bàbá àti kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí kò ní bíréèkì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí èèyàn tó gbé ìgò àgbo jáde láti ilé Àṣìkẹ́, ohun kan á máa jẹ ẹ́ nínú bí kòkòrò tó wọnú iṣu.

*

Ògúnníyì ló fún un ní nǹkan náà. Ẹ̀yìn Àfọ̀n ni baba arúgbó yìí ń gbé, ibi tí ilẹ̀ Faransé ti súnmọ́ débi pé èdè wọn ni rédíò rẹ̀ ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Kò gbọ́ èdè náà. Ó ní òun kàn fẹ́ràn kí ohùn kan máa dún nínú ilé ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni Abọ́dúnrìn débẹ̀. Baba gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó ń fi ìka gbá etí àwo tó wà níwájú rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ kí ó kú ni?"

"Rárá o, Bàbá. Kí oògùn rẹ̀ má jẹ́ mọ́ ni mo fẹ́. Kí àwọn èèyàn fi í sílẹ̀."

Baba rẹ́rìn-ín, eyín méjì péré ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Oògùn kì í ṣíwọ́ jíjẹ́. Ó máa ń yí ojú padà ni." Ó mú ewé ojú ológbò kan, ó mú hóró kan, ó fi òwú dúdú àti òwú funfun dì wọ́n pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní orúkọ tí Abọ́dúnrìn kò gbọ́ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bá ìtàkùn náà gbé tó ogún ọdún. Iná àtùpà mì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Ewé á gba iṣẹ́ èso," ni Baba wí. "Ẹni tó bá mu ewé, bí ẹni fọ́ hóró jẹ ni. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ fún ọ yìí kò mọ ojú. Ta lo ní nínú àwọn tó ń mu àgbo obìnrin yẹn?"

"N kò ní ẹnikẹ́ni."

"Rò ó dáadáa."

Abọ́dúnrìn rò ó. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Leah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ayétòrò. Ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló fà á wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Leah kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ewé àti egbò sétí. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan, Pẹ̀lúmi, kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Omi inú ọ̀rá ni ìyá rẹ̀ ń fún un mu.

"N kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀, Bàbá."

Baba na nǹkan náà sí i. Ó tutù lọ́wọ́ Abọ́dúnrìn bí ìgbín.

*

Alfred bíríkìlà ló kọ́kọ́ ṣubú. Ikọ́ ọyẹ́ ló ń dà á láàmú, ó mu àgbo Àṣìkẹ́ ní alẹ́ Sátidé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, èébì kò jẹ́ kó gbé orí sókè. Lọ́jọ́ Ajé, Toheebat tó ń ta gàrí lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀jẹ̀. Kí ó tó di Ìṣẹ́gun, Àṣìkẹ́ ti da gbogbo àgbo ilé rẹ̀ nù, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Abọ́dúnrìn gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó jókòó sí. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ fún un bí ẹni ń bá a yọ̀: "Ì bá ṣe ẹ̀yin ni wọ́n fún ní ọgbà yẹn, ṣebí èyí kò ní ṣẹlẹ̀." Ó mi orí. Ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àṣìkẹ́ wá bá a. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi o. N kò rí ẹlòmíràn tí mo lè bá. Ẹ̀yin lẹ mọ ìtàkùn Bàámi jù mí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá wò ó. Mo já ewé bí wọ́n ṣe kọ́ mi, n kò jẹ́ kí hóró kan bọ́ sínú ìkòkò. N kò mọ ohun tí mo ṣe."

Ohun tó yẹ kí ó sọ ni pé ara òun kò yá. Ṣùgbọ́n bó bá kọ̀, wọn á fura. Ó bá a lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Inú ọgbà náà ń rùn bí omi òdòdó tó ti pẹ́ nínú ìgò. Àwọn ewé ṣì pa ojú dé síbẹ̀. Abọ́dúnrìn ń rìn, ó ń ṣọ́ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, nítorí ìdí ìyá gbòǹgbò ló ri nǹkan náà mọ́. Ó rí ibẹ̀. Ilẹ̀ tó bò dáadáa tó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ti wú díẹ̀, bí ibi tí eéwo fẹ́ sọ.

"Bàámi máa ń tọ́ ọ wò," ni Àṣìkẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n ní ahọ́n kì í parọ́."

Abọ́dúnrìn yíjú padà. Ewé kan ti wà létè obìnrin náà. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a bọ́ sílẹ̀.

Àṣìkẹ́ ń wo ọwọ́ tó gbá ewé náà. Ó wò ó pẹ́.

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?"

"Eruku wà lára rẹ̀."

"Eruku," ni Àṣìkẹ́ wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa hóró méje nílẹ̀, ó kó wọn sáàárín àtẹ́lẹwọ́, ó sì fẹ́ èémí sí wọn. "Ohun kan wà tí Bàámi sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú. Wọ́n ní bí ìtàkùn yìí bá yí ojú padà lọ́jọ́ kan, kí n má wá ẹni tó ṣe é kiri. Kí n rán àwọn wọ̀nyí. Wọ́n ní ojú tí kì í sùn, wọn á rí i."

Ó fọ́n hóró náà ká. Abọ́dúnrìn gbọ́ bí mẹ́fà ti bọ́ sínú ewé gbígbẹ. Kò gbọ́ ìró èkeje.

*

Inú bàtà rẹ̀ ló ti rí i, bó ṣe délé. Hóró kan, pupa fòò, ojú dúdú. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó ní inú ọgbà ló ti bá òun wá.

Lọ́jọ́ kejì, méjì wà nísàlẹ̀ korobá tó pọn omi ìwẹ̀ sí. Omi mímọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló pọn ọ́n. Nígbà tó jókòó láti jẹun ọ̀sán, ó rí ẹ̀kẹta láàárín ìrẹsì, ó tutọ́ síta, ó gbé àwo náà jù sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn adìyẹ tó ń sáré sí gbogbo ohun tó bá bọ́ sílẹ̀ kò débẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, wọ́n padà.

Abọ́dúnrìn wọlé, ó sun ohun tó ní fún ààbò, ó fi èéfín rẹ̀ ká yàrá. Ó pe ọfọ̀ tí Bàbá Ọ̀ṣunníyì kọ́ ọ, ó dé àárín, ó ṣì í. Ó tún un pè. Ibẹ̀ náà ló tún ti ṣì í. Ó dùbúlẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó jí, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ohun líle kan wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀.

Kò mí. Ó la ẹnu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí ó yọ́ bọ́ sórí ẹní. Hóró ojú ológbò kan ni, ó tutù fún itọ́, kò sán. Bí ó bá ṣe pé ó pa eyín dé lójú oorun pẹ́nrẹ́n ni, ikú rẹ̀ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀kadà gbé e dé ẹ̀yìn Àfọ̀n. Ilẹ̀kùn Ògúnníyì wà ní títì. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

"Bàbá, èmi ni. Abọ́dúnrìn ará Joga."

"Má wọlé." Ohùn baba náà wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an, bí ẹni tó ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Hóró ń wá mi kiri, Bàbá. Abẹ́ ahọ́n mi ni ti òní."

"Méjì ló wà lórí ẹní tèmi nígbà tí mo jí. Ta ni obìnrin yẹn?"

"Ọmọ Ọ̀ṣunníyì ni."

"Ọ̀ṣunníyì Joga?" Igi ilẹ̀kùn dún bí ẹni pé ẹnìkan fara tì í. "O kò sọ fún mi pé ọmọ Ọ̀ṣunníyì ni."

"Bàbá, ẹ bá mi tú u."

"Ẹni tó ri í mọ́lẹ̀ ni yóò hú u. Ọ̀sán gangan ni. Kí ẹni tó ni ilẹ̀ wà níbẹ̀, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe, kí o sì jẹ ewé náà kí ẹnikẹ́ni tó tún jẹ ẹ́. Bí ewé bá ti padà di ewé, o bọ́ nìyẹn."

"Bí kò bá padà ńkọ́?"

Rédíò nìkan ló dáhùn, ní èdè tí àwọn méjèèjì kò gbọ́.

Nígbà tó ń padà lọ lórí ọ̀kadà, Abọ́dúnrìn ṣe ìpinnu. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣìkẹ́ ti ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó ń mu ewé mọ́. Bí nǹkan náà kò bá rí ẹni jẹ, ebi á pa á kú síbi tó wà. Òun á máa yẹ bàtà wò, òun á máa sùn pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu. Alfred lágbára, yóò dìde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara rẹ̀ gbọ́.

*

Leah pè é láàárọ̀ Jímọ́.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀ ní Ayétòrò. Pẹ̀lúmi ni. A wà nílé ìwòsàn láti àná."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń bì, Bàbá. Ó ń ya ẹ̀jẹ̀. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ilé ìwòsàn náà kò tóbi. Ibùsùn kẹrin lẹ́bàá ògiri ni wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí, okùn omi wà lápá rẹ̀, ètè rẹ̀ funfun. Leah jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ tó fi lọ síṣẹ́ lánàá, àmì ṣọ́ọ̀kì ṣì wà létí apá aṣọ rẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò ojú, ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.

"Màdáámú, mo tún fẹ́ bèèrè. Mo ti rí irú èyí lẹ́ẹ̀kan rí. Hóró pupa kékeré yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní ojú ológbò, ni ọmọ tí mo rí nígbà náà fọ́ jẹ. Ṣé kò sí i ládùúgbò yín?"

"Kò sí, Dókítà. Kò jẹ nǹkan kan. Ikọ́ ló ń hú, mo fún un ní àgbo ikọ́, ewé lásán ni. Mo mu díẹ̀ níbẹ̀ wò kí n tó fún un."

Abọ́dúnrìn yíjú sí i. "Àgbo wo?"

Leah wolẹ̀. "Ti Àǹtí Àṣìkẹ́ ni, Bàbá. Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí a yà síbẹ̀. Nígbà tí mo wá kí yín lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo ṣe ń lọ wọ ọ̀kadà ni wọ́n rí mi, wọ́n ní ọyẹ́ yìí pọ̀, kí n mú ìgò kan lọ fún ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní ọmọ Ẹ̀gbọ́n Abọ́dúnrìn, ọmọ àwọn náà ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Inú èmi náà ń run láti àná. Mo rò pé àìsùn ni."

Dókítà ń wo bàbá àti ọmọ. "Bàbá, bí ẹ bá mọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú àgbo yẹn, àkókò tí ẹ máa sọ nìyí."

Abọ́dúnrìn la ẹnu. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì pa á dé.

Ìgbà náà ni Pẹ̀lúmi yí orí. Kò la ojú. Ọwọ́ tí kò sí okùn lára rẹ̀ gòkè lọ sí ọrùn, ó ń yọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rí, ó ń tú u kúrò ní ìdì kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá àgbà," ni ọmọ náà wí. "Ẹ gé e. Ó ń wé mi lọ́rùn."

Leah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ibà ló ń mú un sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Abọ́dúnrìn ti rí ọrùn ọmọ náà. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, bí ojú ibi tí okùn ti wọra.

Ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Mò ń bọ̀," ni ó wí fún Leah.

*

Àṣìkẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ ìkòkò àgbo ṣófo. Abọ́dúnrìn kò kí i. Ó lọ tààrà, ó sì fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ níwájú obìnrin tó fi ọdún mẹ́tàlá jù lọ.

"Èmi ni."

Àṣìkẹ́ gbé ìkòkò sílẹ̀.

"Mo lọ sí Àfọ̀n. Mo gba nǹkan, mo ri í mọ́ ìdí ìyá gbòǹgbò lọ́jọ́rú tó kọjá lọ́hùn-ún, nígbà tí o lọ sọ́jà. Mo ní kí ewé gba iṣẹ́ èso. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ó pa ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ ni." Ó mí. "Ìgò kan dé ọwọ́ Leah."

Ó rò pé yóò pariwo, tàbí pé yóò lù ú. Àṣìkẹ́ kàn dúró, ọwọ́ rẹ̀ ń kán omi sílẹ̀.

"Lánàá," ni ó wí níkẹyìn, "ìyàwó Alfred tutọ́ sí mi lójú láàárín ọjà. Mo nù ún nù. Mo ní ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i." Ó wo ibi tí òjìji igi ọsàn dé. "Ó kù díẹ̀ kí oòrùn dé àárín. Dìde."

Ó lọ pe ìyàwó Alfred àti ọkọ Toheebat. Iwájú wọn ni ó ti ní kí Abọ́dúnrìn tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyàwó Alfred jókòó sílẹ̀.

Abọ́dúnrìn fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ibi tó wú náà. Ilẹ̀ gbóná bí eérú. Ìgbọ̀nwọ́ kan ló ri nǹkan náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ méjì kò rí i. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan òwú, ó rí i pé ìyá gbòǹgbò ti wé mọ́ ọn. Gbòǹgbò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà láàárín ọdún kan ti fi ọjọ́ mẹ́wàá yí nǹkan náà po, ó ti gbé e mì, etí òwú dúdú àti funfun nìkan ló yọ síta. Ó fà á. Gbogbo ìtàkùn ọgbà mì láti orí ìyeyè kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́.

"Kò ní yọ," ni ó wí. "Àfi kí a gé gbòǹgbò." Kò lè wo ojú Àṣìkẹ́. "Bí a bá gé e, gbogbo rẹ̀ á kú."

Àṣìkẹ́ wọlé, ó mú àdá bàbá rẹ̀ jáde, ó na èèkù rẹ̀ sí i.

"Gé e."

Gbogbo ohun tí Abọ́dúnrìn fi ọdún mọ́kàndínlógún tọ́jú, tó sì fi ọdún mẹ́rin jowú, wà lábẹ́ àdá náà. Ó gbé e sókè. Ó gé e lẹ́ẹ̀kan, gbòǹgbò kò já. Ó gé e lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan dún nínú ilẹ̀ bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó já, omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ṣàn bo ìka rẹ̀, nǹkan náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Hóró tí wọ́n dì mọ́ ewé ti hù.

Wọ́n sun ún níbẹ̀. Lẹ́yìn náà Abọ́dúnrìn nawọ́ sókè, ó já ẹ̀ka ewé kan. Kò sí ẹni tó gbá ọwọ́ rẹ̀. Ó kó o sẹ́nu, ó rún un, ó sì gbé e mì.

Ó jókòó sídìí igi, wọ́n ń wò ó. Òógùn bò ó. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀, ó túbọ̀ ń fún sí i, bí okùn tí ẹnìkan ń fà láti ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó fi èékánná wa ilẹ̀. Ìyàwó Alfred dìde, ó ní kí wọ́n wá omi, Àṣìkẹ́ mi orí fún un. Kò sí ẹni tó mọ bó ti pẹ́ tó. Nígbà tó tún rí èémí mí, òjìji igi ọsàn ti yí sí apá kejì, fóònù sì ń dún nínú àpò rẹ̀.

Ó gbé e sétí.

"Bàbá." Leah ni. "Bàbá, ó ti jókòó. Ó ní ebi ń pa òun. Ó ń bèèrè ẹ̀kọ. Ẹ ń gbọ́ mi?"

Abọ́dúnrìn la ẹnu láti dáhùn. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún gbìyànjú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò tẹ̀lé e.

"Bàbá?"

Àṣìkẹ́ gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Leah, èmi ni. Ó ń gbọ́ ọ. Lọ fún ọmọ lóúnjẹ."

*

Alfred padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ti Toheebat pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà dìde. Dókítà Ayétòrò ní omi tí wọ́n fà sí ọmọ lára ló gbà á là, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàkùn ọgbà gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Àṣìkẹ́ gé e kúrò lórí àwọn ìyeyè, ó dáná sun ún, ó sì ń dúró de òjò kí ó tó gbin òmíràn. Ohùn Abọ́dúnrìn kò padà. Àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò pè é sí ìpàdé mọ́. Kí ni oníṣègùn tí kò lè pe ọfọ̀ fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù kejì, Leah wá. Ó fa Pẹ̀lúmi lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga tó dojú kọ bàbá rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Bàbá, wọ́n ń sọ nǹkan kan nígboro. Mo ní irọ́ ni wọ́n pa. Mo ní bàbá mi kọ́. N kò ní kí ẹ sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ẹ ṣáà mi orí fún mi pé irọ́ ni, mo máa gbà á bẹ́ẹ̀, a ò sì ní sọ ọ́ mọ́ láyé."

Abọ́dúnrìn wò ó. Ó wo Pẹ̀lúmi, tó ń fi ìka tẹ̀lé àwọn èèrà lára ògiri. Ó fẹ́ mi orí pé irọ́ ni. Kò ní ná an ní nǹkan kan.

Ó na ọwọ́ sí báàgì ọmọ rẹ̀. Leah kò mọ ohun tó fẹ́, lẹ́yìn náà ó yé e, ó yọ bírò àti ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé kan fún un. Kíláàsì kẹrin ni Abọ́dúnrìn ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ tán.

*Èmi ni. N kò mọ̀ pé yóò kan Pẹ̀lúmi.*

Leah kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ètè rẹ̀ ń mì bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ó dá ìwé náà padà sórí itan bàbá rẹ̀, ó sì fi bírò lé e.

"Tí kò bá kan Pẹ̀lúmi ńkọ́, Bàbá?"

Abọ́dúnrìn mú bírò. Ó gbé ẹnu bírò náà lé ìwé. Leah dúró dè é títí omijé fi gbẹ lójú rẹ̀, títí ọmọ fi ní ó ti rẹ òun, títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó rí i pé kò ní kọ nǹkan kan, ó dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó dè é dáadáa, ó sì gba ọ̀nà ibi tí ọ̀kadà ti ń gbéra lọ.